Òkè Kan Náà Ni: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Èkìtì àti Gómìnà Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin Gómìnà wa méjèèjì,

Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, Èkìtì ni ìyá mi, ọdún 31 ni mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó ní kí n lọ sinmi. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé mo ṣìṣe tí mo fi kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí gómìnà méjì. Ọ̀rọ̀ òkè ni mo fẹ́ bá yín sọ, òkè ọ̀hún kò sì dúró sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú yín.

Ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Láti agbègbè Iléṣà ni òkè náà ti gbérí. Ó gba ẹ̀yìn Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ó yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká bí odi, ó na apá sí Ìpólé-Ìlórò àti Ìkògòsì, ó sì tún gba ọ̀dọ̀ Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé lọ síhà àríwá. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta fi orúkọ Ẹ̀fọ̀n pe irú àpáta líle tó wà níbẹ̀. Wọn kò pín in sí ti Èkìtì àti ti Ọ̀ṣun. Ìwé òfin ló pín in. Wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ààlà sì gorí òkè. Látìgbà náà, ìwé ìpolówó tí ìhà kan bá tẹ̀, omi gbígbóná Ìkògòsì ló máa ń fi han èrò. Ti ìhà kejì, omi Olúmìrìn tó ń já wálẹ̀ ní ìpele méje ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó bá ka méjèèjì kò ní mọ̀ pé ara òkè kan náà ni omi méjèèjì ti ń jáde, áńbọ̀sìbọ́sí pé ẹsẹ̀ ènìyàn lè rìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn ni ẹ̀bẹ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí. Ní àkókò ọdún Àjíǹde tàbí Kérésìmesì, bọ́ọ̀sì á gbéra ní Èkó ní ìdájí, á dé Ìkògòsì nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí. Àwọn èrò á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á san owó ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sáré dé ibi tí omi gbígbóná ti bá omi tútù pàdé, wọ́n á ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí, wọ́n á ki èkejì bọ tọ̀hún, wọ́n á ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà wọ́n á jẹun. Ìrẹsì tí wọ́n dì sínú ike láti Èkó ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ru ìrẹsì wá sí ilẹ̀ oníyán! Píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ń mu lé e, inú ọkọ̀ ló bá wọn wá, nínú ìlú tó jẹ́ pé omi rẹ̀ ni wọ́n ń rọ sínú ìgò tí wọ́n ń pè ní Gossy, tí wọ́n ń kó lọ tà fún àwọn ará Èkó kan náà. Tó bá di aago mẹ́ta, awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Ìyá oníyán tó wà nínú ìlú kò tilẹ̀ mọ̀ pé àlejò wá.

N kò bá wọn wí. Ta ló sọ fún wọn pé ohun mìíràn wà níbẹ̀?

Ẹni tó bá sùn mọ́jú ní Ìkògòsì nígbà ọyẹ́, tó sì jí kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò rí i tí èéfín funfun ń rú lórí omi, tí kò sì ní mọ ibi tí èéfín pin sí tí ìkùukùu òkè ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí otútù bá ń ta ni létí, ìgbà yẹn gan-an ni omi náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Nínú ooru ọ̀sán oṣù kẹta, ta ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fẹ́ ṣe láǹfààní? Àwọn èrò wa ń rin ìrìn wákàtí mélòó kan láti wá wo iná tí wọ́n ti pa.

Ní ọdún kan, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ka ìwé ìpolówó kan tó ní omi náà gbóná tó dígírì 70 níbi orísun rẹ̀, ó wá gbé ẹyin mẹ́ta dání pé òun fẹ́ sè é. Mo ní kó gbé ẹyin rẹ̀ jẹ́ẹ́, mo yọ tẹmómítà tí mo yá ní láàbù jáde. Ó gòkè díẹ̀, ó dúró sí 38, kò sì kúrò níbẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ti lọ wọ̀n ọ́n ṣáájú wa rí kò jìnnà sí i. Ẹ rò ó wò: omi tó bá gbóná tó 70 yóò bó ènìyàn lára, ta ló máa wá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nítorí fọ́tò? Ọmọ náà fajú ro. Mo bi í pé báwo ni ara ènìyàn alààyè ṣe ń gbóná tó. Ó ní 37. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo omi náà, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, sà, ó gbóná bí ènìyàn.”

Ènìyàn náà sì ni wọ́n ń pè é ní Ìkògòsì. Ìtàn wọn ni pé ọkùnrin ọdẹ kan ní ìyàwó méjì, ọ̀kan gbóná lára, èkejì tutù. Ọkọ di òkè, àwọn ìyàwó di omi. Ìwé ìpolówó fẹ́ràn ibi tí àwọn orogún ti ń jà nínú ìtàn náà. Ìyá àgbà kan tó gbà mí sílé kò tilẹ̀ fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ìjà lẹ́nu. Ẹ̀fọ́ ló ń já lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ohun tó yà á lẹ́nu láti kékeré ni pé àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n jọ ń lọ, kò sì sí èyí tó tètè gbàgbé ìwà rẹ̀. Ó tó ìdajì wákàtí kó tó parí rẹ̀, torí ó ń dúró kí àwọn tó ń kọjá, ó ń bèèrè ara ọmọ wọn. Bọ́ọ̀sì ì bá ti fi mí sílẹ̀.

Omi náà fúnra rẹ̀ kì í kánjú. Kò sí òkè ayọnáyèéfín kankan nítòsí rẹ̀. Òjò tó rọ̀ sórí òkè ló ń gba ibi tí àpáta ti sán wọlẹ̀. Bí a bá sì ti ń wọ inú ilẹ̀ lọ ni ilẹ̀ ń gbóná sí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, kìlómítà kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí dígírì 25 sí 30 kún un. Omi á wọlẹ̀ jìnnà, á yá díẹ̀díẹ̀, á wá bá ibi tí àpáta ti ya pàdé, á gba ibẹ̀ padà sókè. Èyí tó jáde láàárọ̀ òní kì í ṣe òjò àná. Bákan náà ni òkìkí rẹ̀: àwọn ọdẹ ìlú ti mọ̀ ọ́n látayébáyé, kí míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà kan, John McGee, tó débẹ̀ ní 1952, tí òkìkí náà sì wá kàn síta.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ìrìn ẹsẹ̀ láti ìlú dé ìlú lórí òkè, àṣà òyìnbó ni, pé Yorùbá tó bá lówó ọkọ̀ kò ní fẹsẹ̀ rìn. Ẹ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ìsọjí rẹ̀ mi Iléṣà tìtì ní 1930, kú ní 1959, Ẹ̀fọ̀n ni sàréè rẹ̀ wà. Láti ìgbà náà ni èrò ti ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹní lábẹ́ abíyá àti kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sùn, ọjọ́ mẹ́ta fún ẹlòmíì, ọjọ́ méje fún ẹlòmíì. Wọ́n ń bu omi lọ sílé. Wọ́n mọ orúkọ ìyá tó ń ta ògì fún wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣínu, wọ́n mọ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣèdánwò, wọ́n mọ ìgbà tí orúnkún ń dùn ún. Nínú gbogbo àwọn tó ń wọ inú òkè wa, àwọn aládùúrà wọ̀nyí nìkan ni mo rí tí wọ́n mọ ìrìn-àjò í rìn. Ẹ kò kà wọ́n mọ́ arìnrìn-àjò afẹ́ nítorí pé wọn kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀fọ̀n kan náà yìí ni agbẹ́gilére Agbọ́nbíọ̀fẹ́ ti gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Aláayè láàárín 1912 sí 1916, iṣẹ́ ọnà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ ìwé lé lórí nílẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó ń lọ Ìkògòsì láti Iléṣà ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú yìí kọjá láìdúró. Èmi pàápàá ti kọjá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Ìgbà tí ọkọ̀ mi dákú ni mo tó wọ ìlú.

Nísinsìnyí, ọ̀nà náà. Ẹ má là á, ó ti wà níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀, àwọn ọdẹ, àwọn obìnrin tó ń ru iṣu lọ sọ́jà ló là á. Láti Ìkògòsì, òwúrọ̀ kan tó láti fẹsẹ̀ dé Ìpólé-Ìlórò, níbi tí omi Àrìnta ti ń já láti orí àpáta. Láti ibẹ̀, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga títí dé Ẹ̀fọ̀n. Ní ìhà kejì, àwọn amọ̀nà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà sọ fún mi pé ẹni tó bá gun Olúmìrìn kọjá ìpele keje, tó sì ń lọ, ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n ni yóò já sí. Ọ̀pọ̀ èrò tí mo ti bá pàdé níbẹ̀ kì í kọjá ìpele kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń padà. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́rin lè wẹ̀ nínú omi gbígbóná lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kó sì tún wẹ̀ nínú omi tútù ní ẹsẹ̀ òkè kan náà lọ́jọ́ kẹrin, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, láìwọ ọkọ̀.

Ọ̀dà ni ọ̀nà yìí nílò. Ọ̀dà tí a fi ń kun òkúta kí èrò má baà ṣìnà ni mo wí o, kì í ṣe ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì. Kí ẹ sì tẹ àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní àmì ìpínlẹ̀ méjèèjì lórí. Bí àwọn kọmíṣọ́nnà yín bá fi odindi ọdún kan jiyàn lórí àmì ta ló máa wà lápá ọ̀tún, ẹ fún mi ní bébà, màá yà á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́. Ẹ wọ èyíkéyìí nínú àwọn ìlú wọ̀nyí lọ́jọ́ Ọjọ́rú lásán, kẹ́ ẹ sì ka àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé wọn wà ní títì. Ọmọ tó wà ní Èkó, ọmọ tó wà ní London, ọmọ tó wà ní Houston ló kọ́ wọn. Wọ́n fi táìsì sí i, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì tuntun sí yàrá mẹ́fà, wọn kò yọ ọ̀rá kúrò lára fóòmù. Ọjọ́ Kérésìmesì ni wọ́n ń ṣí i, àti ọjọ́ òkú. Ìyá àti bàbá tó kù nílé ń sùn ní yàrá kan nísàlẹ̀, wọ́n ń fetí sí rédíò. Àwọn òbí wọ̀nyí kò wá ju ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ lọ, ẹ sì ń wá ibi tí arìnrìn-àjò yóò sùn! Ohun tí ìjọba ní í ṣe kò pọ̀: ẹni tó máa wá wo yàrá náà bóyá ó mọ́, nọ́ńbà fóònù tí èrò lè pè, àti òfin pé ọwọ́ onílé ni owó yàrá ń lọ tààrà. Iyán wà nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ ìṣápá wà nínú rẹ̀. Àti ìbéèrè: ọmọ ta ni ọ́, o ti gbéyàwó? Àlejò tó bá ní òun kò fẹ́ ìbéèrè, kó dúró sí Èkó.

Ní Japan, ní àárín òkè Kii, ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ kan wà fún àwọn tó ń lọ jọ́sìn, Kumano Kodo ni wọ́n ń pè é. UNESCO fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2004. Àwọn èrò ń rìn láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń sùn nílé àwọn ará abúlé, ọkọ̀ kékeré ń gbé ẹrù wọn ṣáájú. Ní abúlé Yunomine, omi gbígbóná ń tú jáde. Omi tiwọn gbóná débi tí ẹyin ń jinná nínú rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ń wẹ̀ nínú èyí tí wọ́n bá ti fi tútù là. Ilé ìwẹ̀ kékeré onípákó kan níbẹ̀ wà lára ogún àgbáyé yẹn. Onípákó, mo tún un sọ. Kò tóbi ju ibi tí ènìyàn méjì lè jókòó sí.

Mo tún un sọ nítorí ohun tí ojú mi ti rí. Ibi ìgbafẹ́ kan wà tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, omi ńlá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi. Wọ́n wá tún un ṣe. Wọ́n gé igi, wọ́n da kọ̀ǹkéré sí etí omi, wọ́n lẹ táìsì aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn, wọ́n gbé sípíkà mẹ́rin dúró, jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìn. Mo bi ọmọkùnrin tó ń gba owó pé ibo ni àwọn ẹyẹ wà. Ó ní, “Bàbá, ẹyẹ wo?” Bí ẹ bá ní owó tí ẹ kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi tún omi wa ṣe.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ta ló máa rin inú igbó ní àkókò tí a wà yìí? Èmi náà kò gbàgbé oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Ẹmùré. Mo ní ọmọ-ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju tàwọn yẹn lọ. N kò ní parọ́ fún yín pé ewu kò sí, nítorí náà n kò ní kí ẹ ṣí gbogbo ọ̀nà náà lọ́jọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìkògòsì sí Ìpólé-Ìlórò, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ojúmọmọ. Kí èrò má ju mẹ́wàá lọ, kí ọdẹ méjì ṣáájú, kí méjì kẹ́yìn. Àwọn ọdẹ yẹn ni kí ẹ sọ di amọ̀nà, kí ẹ fún wọn ní aṣọ, kí ẹ máa san owó wọn lóṣù. Ẹni tó ń rin ọ̀nà kan lójoojúmọ́ mọ ẹsẹ̀ àjèjì nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí ọ̀nà bá sì wá dé orí òkè tí ààlà wà, kí Àmọ̀tẹ́kùn tẹ̀yin méjèèjì ní nọ́ńbà ara wọn. Ní 2020 kan náà ni ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ọ̀kan á dúró ní ààlà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tí ọlọ́ṣà á sì máa kọjá bó ṣe wù ú?

Òkè yìí ti mọ bí a ṣe ń parapọ̀. Láti 1877 títí di 1893, nígbà ogun Kírìjì, orí rẹ̀ ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jọ tẹ̀dó sí. Nínú àwọn jagunjagun wọn, Fábùnmi wá láti Òkè-Ìmẹ̀sí, Ògèdèǹgbé wá láti Iléṣà, ìró ìbọn ńlá tó ń dún láàárín àpáta ló sì fún ogun náà lórúkọ. Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ọdún méje kọjá kí àwọn ọmọ ogun tó kúrò lórí òkè. Lónìí, Òkè-Ìmẹ̀sí wà ní Èkìtì, Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní Ọ̀ṣun. Ọmọ ìyá ni ìlú méjèèjì, ẹ sì lè gbọ́ ọ nínú orúkọ wọn, ṣùgbọ́n mo ti rí àlejò tí wọ́n sọ fún ní ọ́fíìsì kan pé kó padà lọ bèèrè ní ìpínlẹ̀ kejì nítorí pé ojú ogun tó fẹ́ wò ti kọjá ààlà wọn. Ẹrù àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kún fún eruku. Ó padà sí ilé-ìtura rẹ̀, ó wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà: Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa ń tàṣọ láwìn káàkiri, bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn kò ní jókòó, wọn kò ní lọ, títí owó yóò fi pé. Lẹ́tà yìí ni mo fi lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà yín méjèèjì. Orúnkún mi kò dára mọ́, ṣùgbọ́n mo ní sùúrù.

Tí ọyẹ́ bá ti dé lóṣù Kejìlá, màá wà ní Ìkògòsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, nílé ìyá tó ń já ẹ̀fọ́. Yàrá méjì ṣì ṣófo lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ẹ wá sùn mọ́jú. Aago márùn-ún ìdájí ni a máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí omi, lẹ́yìn náà a ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìpólé-Ìlórò. Ẹ wọ bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu, kẹ́ ẹ sì fi ọkọ̀ oní-síréènì sílẹ̀ ní ìlú Àrámọ́kọ, torí àwọn ará ilé á ṣì máa sùn.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìntì